Owó Ìkẹyìn Máńẹ́jà tí ó Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀: Gbèsè Ni Lọ́rùn Agbanisíṣẹ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Gbogbo ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó fi òdodo dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, tí ó ṣe àbòsí ní èèwọ̀ láàárín àwa ẹrúsìn Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ àlùkìyámọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn Isilaamu, mo gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí á páyà Ọlọ́hun. Ìpayà Ọlọ́hun kò mọ sí orí ẹní ìrun nìkan. Ó ń bá ènìyàn lọ sí ọ́fíìsì, ó ń bá a jókòó síbi tí ó ti ń fọwọ́ sí ìwé owó.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò

Nínú àwọn ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá àwọn àlùfáà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, irú kan wà tí ó ń pọ̀ sí i. Ẹnì kan ti ṣe máńẹ́jà ní ilé-iṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ó kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fún wọn ní àkókò tí ó yẹ, ó kó kọ́kọ́rọ́ àti ìwé lé wọn lọ́wọ́, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún.

Àwọn ènìyàn kì í sáàbà káàánú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣebí máńẹ́jà ni, kí ló tún ń wá?" Wọn kò rò ó pé owó ilé ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti tó san, pé òun náà ní òbí tí ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó lè wà nínú sàfù kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí èjìká wọn kan ara wọn, kí wọ́n sì jọ ṣe àmín sí Fátíhà kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí a fi ní láti sọ ọ́ láti orí mínbárì: kí ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀?

Ohun tí ẹ̀sìn wa fi kọ́ wa

Ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ ni àdéhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrátù Máídà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n mú àdéhùn wọn ṣẹ. Iṣẹ́ gbígbà jẹ́ àdéhùn tí àwọn onímímọ̀ ń pè ní ìjáárà: ẹnì kan ń ta àǹfààní iṣẹ́ rẹ̀, ẹnì kejì ń san owó rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe tán ti di ti agbanisíṣẹ́. Owó iṣẹ́ náà pẹ̀lú ti di ti òṣìṣẹ́, ibi yòówù tí ó wà.

Ìpìlẹ̀ kejì ni pé kíkúrò lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Súrátù Kọ́sọ́sì, a rí i bí Ànábì Mùsá ṣe bá àgbàlagbà ará Mádíyánà ṣe àdéhùn iṣẹ́ ọdún 8, tí ó bá sì fẹ́ pé e sí 10, ìyẹn ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Àkókò náà ní òpin, òpin náà sì yé àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó parí rẹ̀, ó kó ìdílé rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀n. Kò sí ẹni tí ó pè é ní aláìmoore.

Ìpìlẹ̀ kẹta wúwo jù. Nínú hádíìsì tí Bùhárì gbà wá, Ọlọ́hun ka ènìyàn mẹ́ta tí òun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ ní ọjọ́ àlùkìyámọ̀. Ẹnì kan nínú wọn ni ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́, tí ó jẹ àǹfààní iṣẹ́ rẹ̀ tán, tí kò sì san owó rẹ̀ fún un. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: ta ni yóò gbẹjọ́ rò fún ẹni tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ jẹ́ olùpẹjọ́ rẹ̀? Nínú òmíràn tí Bùhárì àti Múslímù jọ gbà wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ pé kí ọlọ́rọ̀ máa fi gbèsè falẹ̀ jẹ́ àbòsí. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀" lè dà bí ọ̀rọ̀ lásán lẹ́nu ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ àbòsí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí á tún rántí àwọn ènìyàn mẹ́ta tí òkúta dí mọ́ inú ihò. Ẹnì kan nínú wọn ti gba àwọn òṣìṣẹ́ rí. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà kò gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá náà kò sọ pé, "Òun ni ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ó ti pàdánù nìyẹn." Ó fi owó náà ṣòwò títí tí ó fi di agbo ẹran ọ̀sìn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà padà dé lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, ó ní kí ó máa kó gbogbo rẹ̀ lọ, débi tí òṣìṣẹ́ náà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Iṣẹ́ rere yìí ni ó fi bẹ Ọlọ́hun nínú ihò, òkúta sì yẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: òṣìṣẹ́ yìí ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò bàjẹ́.

Ohun tí òfin ilẹ̀ wa sọ

Ọ̀pọ̀ máńẹ́jà rò pé Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí à ń pè ní Labour Act, ni ó ń dáàbò bo àwọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní abala 91 òfin náà, níbi tí ó ti túmọ̀ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, ó yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, iṣẹ́ ìṣàkóso àti iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé sílẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀tọ́ máńẹ́jà fìdí múlẹ̀ sí ni ìwé àdéhùn tí ó fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́, pẹ̀lú ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ tí àdéhùn náà bá tọ́ka sí. Ẹni tí kò ka ìwé yìí kò mọ ohun tí ó ní. Abájọ tí Ọlọ́hun fi pa á láṣẹ, nínú áyà 282 Súrátù Bákárà, pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀.

Ní ti lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọjọ́ tí lẹ́tà bá tẹ agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ kò lè sọ pé òun kò gbà, nítorí a kì í fi ipá mú ọmọlúàbí sìn. Ṣùgbọ́n máńẹ́jà gbọ́dọ̀ fún wọn ní àkókò ìfitónilétí tí àdéhùn là sílẹ̀, tàbí kí ó san owó dípò rẹ̀. Bí àdéhùn kò bá sọ iye àkókò, ilé-ẹjọ́ yóò wo èyí tí ó bá ipò irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu.

Àwọn ohun tí ó sábà máa ń wà nínú owó ìkẹyìn nìwọ̀nyí. Owó oṣù títí di ọjọ́ tí ó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn: èyí kò ní àríyànjiyàn. Owó ọjọ́ ìsinmi tí kò lò, owó tí wọ́n ń pè ní gratuity, àti owó àjẹmọ́nú lórí èrè: ìwọ̀nyí dúró lórí ohun tí àdéhùn bá sọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, gbèsè ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí máńẹ́jà má ṣe fi ìbínú bèèrè ohun tí kò sí ẹni tí ó ṣèlérí rẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì yàtọ̀. Lábẹ́ Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́, kí ó fi ìdá 10 ti tirẹ̀ kún un, kí ó sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí ó san owó oṣù. Òfin yìí kò yọ máńẹ́jà sílẹ̀. Orúkọ òṣìṣẹ́ ni àkáǹtì náà ń jẹ́, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè dá a dúró nítorí pé ẹnì kan lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ó yọ ìdá 8 nínú owó ènìyàn tí kò fi ránṣẹ́, àmáánà ni ó jẹ. Ẹni tí kò bá tí ì pé ẹni 50 ọdún, tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù 4, lè bèèrè fún owó tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ ìṣirò

Ká sọ pé owó oṣù máńẹ́jà kan jẹ́ ₦600,000. Ó fún wọn ní oṣù kan gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ṣe wí, ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ni ó sì ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Owó ọjọ́ 15 nínú 30 jẹ́ ₦300,000. Àdéhùn rẹ̀ sọ pé kí wọ́n san owó ìsinmi tí kò lò. Ọjọ́ 11 ni ó kù fún un, nínú ọjọ́ iṣẹ́ 22 tí ilé-iṣẹ́ náà ń kà sí oṣù kan. Ìyẹn tún jẹ́ ₦300,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦600,000. Ó yá ₦200,000 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò tí ì san. Ó ku ₦400,000, kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì tí òfin là sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó kàn jáde lọ láì fún wọn ní ìfitónilétí, tí àdéhùn sì ní kí ó san owó oṣù kan dípò rẹ̀, ₦600,000 náà yóò jẹ ₦400,000 rẹ̀ tán, yóò sì tún jẹ ilé-iṣẹ́ ní ₦200,000. Ẹ rí i pé ìbínú ọjọ́ kan lè sọ ẹni tí a jẹ lówó di ajigbèsè.

Kútúbà kejì

Gbogbo ẹyìn ti Ọlọ́hun ni. Ẹ̀yin ará, òṣùwọ̀n Isilaamu kì í gbè sí ẹ̀gbẹ́ kan. Súrátù Mútáfífínà bá àwọn tí ń gba tiwọn lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń dín ti ẹlòmíràn kù, wí gidigidi. Àti agbanisíṣẹ́ àti máńẹ́jà ni ó kàn.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń gba ènìyàn síṣẹ́: ẹ má ṣe fi owó ìkẹyìn jẹ ènìyàn níyà nítorí pé ó fi yín sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn owó kan sí i lọ́rùn, ẹ mú ẹ̀rí wá, nítorí ẹni tí ó bá pe ẹ̀sùn ni ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ má ṣe mú un fọwọ́ sí ìwé pé ó ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ kò tí ì san án. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Sí ẹ̀yin máńẹ́jà: ẹ fi iṣẹ́ lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́ dáadáa. Ẹ dá ọkọ̀, kọ̀ǹpútà àti ìwé ilé-iṣẹ́ padà, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ dá wọn padà. Àwọn kan máa ń bèèrè pé, "Àlùfáà, wọn kò san owó mi, ṣé mo lè mú ọkọ̀ wọn dání?" Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ́ wa pé kí á dá àmáánà padà fún ẹni tí ó fi ṣọ́ wa, kí á má sì dalẹ̀ ẹni tí ó dalẹ̀ wa. Ẹ má ṣe tú àṣírí iṣẹ́ wọn síta, ẹ má sì ṣe kó oníbàárà wọn lọ ní ọ̀nà àlùmọ̀kọ́rọ́yí. Ẹ̀tọ́ tí ó mọ́ kò yẹ kí á fi ọwọ́ àìmọ́ gbà á.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti san ńkọ́? Ẹ kọ ìwé sí wọn, kí ẹ to ohun tí ẹ ń bèèrè lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ dá ọjọ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ wá àgbà tí àwọn méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún kí ó dá sí i, nítorí oore wà nínú ìlàjà. Bí ti owó ìfẹ̀yìntì bá ni, àjọ PenCom wà tí ẹ lè fi ẹjọ́ sùn. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá so èso rere, ilé-ẹjọ́ wà. Abala 254C nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, tí Àtúnṣe Kẹta ti ọdún 2010 mú wọlé, gbé irú ẹjọ́ yìí lé National Industrial Court nìkan lọ́wọ́. Ilé-ẹjọ́ náà ń jókòó ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Àkúrẹ́. Ẹ wá agbẹjọ́rò kíá, nítorí òfin ní gbèdéke ọdún tí ènìyàn lè fi pẹjọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún máńẹ́jà pé bí ó bá jẹ́ mùsùlùmí tòótọ́, kí ó dákẹ́. Nínú áyà 148 Súrátù Nísáì, Ọlọ́hun yọ ẹni tí wọ́n bá ṣe àbòsí sí kúrò nínú àwọn tí Ó kọ̀ fún láti sọ ọ̀rọ̀ tí kò dára síta. Bí ó bá fẹ́ yọ̀ǹda owó rẹ̀, láádá ńlá ni. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ni ìyọ̀ǹda náà. Kì í ṣe ẹni tí ó jẹ gbèsè ni yóò bá a yọ̀ǹda rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ̀ pé owó òṣìṣẹ́ kan ń bẹ lọ́wọ́ òun, yálà ó ti pẹ́ tàbí kò pẹ́, kí ó wá a kàn kí Jímọ̀ mìíràn tó dé. Bí ó bá ti kú, àwọn ajogún rẹ̀ wà.

Ọlọ́hun Ọba wa, fi ọ̀nà halálì tó wa, má fi ti haráámù dán wa wò. Bá àwọn tí a jẹ lówó gba ẹ̀tọ́ wọn, fún àwọn tí ó jẹ gbèsè ní ọ̀nà àti ọkàn láti san án. Fi àlúbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí O sì jẹ́ kí á pàdé Rẹ láì ní ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Àmín.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi, fún ẹ̀yin náà àti fún gbogbo mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, dájúdájú Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.