Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ọtí àti Ọkọ̀ Wíwà

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ibùdókọ̀ kan. Aago méje òwúrọ̀ ni. Èrò ti kún inú ọkọ̀. Obìnrin kan pọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì jókòó. Awakọ̀ ṣì wà nídìí tábìlì ẹni tí ó ń ta paraga. Ó mu ife kan, ó tún gba ìkejì. Ó ní, “Èyí kò lè ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ti mọ́ mi lára.” Ó wọ ọkọ̀, ó sì ṣíná.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni awakọ̀ yìí sọ? Rárá o. Bí ènìyàn bá mu ọtí, ọtí náà yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e dé ọpọlọ. Ojú rẹ̀ kò ní ríran dáadáa mọ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa lọ́ra. Èyí tí ó burú jù ni pé ọtí kì í jẹ́ kí ó mọ̀ pé ara òun ti yàtọ̀. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọmọ ilé-ìwé bá já sójú títì, tí awakọ̀ sì fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré pẹ́ kí ó tó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà yóò ti sá mítà 22 sí i. Ta ni yóò bá ọmọ náà dá a dúró?

Àwọn kan rò pé kọfí tàbí omi tútù lè lé ọtí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó mu àmupara lóru lè má tíì bọ́ lọ́wọ́ ọtí ní òwúrọ̀.

Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí awakọ̀ ń fẹ́ èémí sí, tí yóò fi hàn bí ó bá ti mutí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ kò lè wà ní gbogbo ibùdókọ̀. Àwa ará ìlú ni a wà níbẹ̀. Kí ọlọ́tí má tà fún awakọ̀. Kí alága àwọn awakọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mutí. Kí èrò sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Má ṣe bú àgbà. Sọ fún ìyá rẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ìyá mi, awakọ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ mutí ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ mìíràn.” Bí ó bá jẹ́ bàbá rẹ ni ó mutí níbi ìnáwó, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wakọ̀ lálẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a sùn síbí.” Bí wọn kò bá gbọ́, tètè pe àgbà mìíràn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilé Ifẹ̀.

Ẹ rántí: kí ọkọ̀ tó gbéra ni ọ̀rọ̀ wúlò.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀
èrò: àwọn tí ó wọ ọkọ̀
paraga: ọtí líle tí a re egbò àti èèpo igi sí
àmupara: mímu ọtí ní àmujù

Ìbéèrè
1. Kí ni awakọ̀ náà sọ nígbà tí ó mutí tán?
2. Kí ni ó fà á tí a kò fi gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́?
3. Mítà mélòó ni ọkọ̀ náà yóò sá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta?
4. Ìwọ àti ẹnì kejì rẹ, ẹ ṣe eré ọmọ tí ó ń bẹ bàbá rẹ̀ kí ó má wakọ̀.