Balógun Ni, Kì Í Ṣe Ọba

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò sé wa mọ́lé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìwé kíkà kì í jẹ́ kí ó mọ ìgbà tí ọkà rẹ̀ tutù, mú ìwé ìkọ̀wé kan wá bá mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ iṣẹ́ yìí wò.” Ìtàn Pern ni ó fẹ́ túmọ̀ sí èdè wa, èyí tí Anne McCaffrey, ìyá kan tí a bí ní Amẹ́ríkà ní 1926 tí ó sì kú ní ilẹ̀ Ireland ní 2011, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní 1967, tí ó sì ti ara rẹ̀ di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Hugo fún ìtàn àròsọ. Ní ayé inú ìtàn yìí, ohun kan a máa já bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú fàdákà, a sì máa jẹ gbogbo ewéko run. Àwọn dírágónì tí í rún òkúta lẹ́nu, tí í sì í tu iná, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó wà lẹ́yìn wọn, ni í sun ún kí ó tó kan ilẹ̀. Ibùdó àwọn jagunjagun wọ̀nyí, nínú ihò òkè gíga, ni à ń pè ní Weyr.

Mo ṣí ìwé náà, mo ka ìlà kìíní, èyí tí ó dá lórí ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun náà: “F'lar gún dírágónì rẹ̀ lọ sí òkè ọ̀run.” Ẹ̀rín pa mí títí fìlà fi bọ́ lórí mi. Mo ní, “Ọmọ mi, kí ni ẹranko náà ṣe tí ó fi gún un?” Nítorí ẹni tí ó gún iyán ni ó lo odó, ẹni tí ó sì gún ẹlòmíràn ni ó lo ọ̀bẹ. Gùn, olóhùn ìsàlẹ̀, ni ti ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn nǹkan; bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá sì tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ a gòkè sí àárín, a ó wí pé a gun ẹṣin, a gun igi, a gun òkè; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ni ó tẹ̀ lé e, yóò dúró ní ìsàlẹ̀ tí ó wà, a ó wí pé a gùn ún. Àmì kékeré kan péré ni ó wà láàárín akọni àti apànìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ jinlẹ̀ ju bí ọmọ náà ti rò lọ. Ní Pern, kì í ṣe ènìyàn ni í yan dírágónì. Nígbà tí ẹyin bá pa, àwọn ọmọdé a dúró yí i ká, dírágónì titun a sì rìn tọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ lọ, láti ọjọ́ náà wọn a sì máa gbọ́ èrò ara wọn. Ta wá ni ó gun ta? Àwa tí à ń wí pé Ṣàngó gùn ún, tí à ń pe ẹni tí òrìṣà ń gùn ní elégùn, tí àwọn ènìyàn wa ní Kúbà sì ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹṣin òrìṣà lédè àwọn Sípéènì, a ti ní ìdáhùn lẹ́nu tipẹ́tipẹ́.

Nígbà tí a dé orí orúkọ oyè ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olórí Weyr, ó kọ ọ́ ní Ọba. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ọba wa kì í jẹ lẹ́yìn ìran tí oyè tọ́ sí, bí ó bá sì ti gorí ìtẹ́, a kì í wí fún un pé kí ó dìde fún ẹlòmíràn nítorí pé ẹsẹ̀ onítọ̀hún yá ju tirẹ̀ lọ. Olórí Weyr rèé, nígbà tí dírágónì aláwọ̀ wúrà bá fò láti gba akọ, ẹni tí dírágónì rẹ̀ bá a lókè ni oyè kàn, oyè náà sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí aláwọ̀ wúrà bá tún fò. Balógun ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọba-ní-ogun, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti tú ara rẹ̀. Ẹ wo Ìbàdàn, ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ogun, níbi tí oyè kò ti tẹ̀ lé bàbá bí kò ṣe apá ẹni. Lábẹ́ Balógun Oderinlo ni wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn agẹṣin Ìlọrin ní Òṣogbo ní 1840. Wọ́n ní Ọ̀tún, wọ́n ní Òsì, wọ́n ní Sàrùmí tí í ṣe olórí agẹṣin, oyè wọ̀nyí sì wọ àwọn tí ń darí ọ̀wọ́ dírágónì bí ẹ̀wù tí a rán mọ́ wọn lára. Fún àwọn jagunjagun fúnra wọn, mo bá a kọ Ẹ̀ṣọ́, mo sì rán an létí àádọ́rin Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́, mẹ́wàá lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan Ọ̀yọ́ Mèsì méje, àwọn akọni tí kì í gba ọfà lẹ́yìn.

Dírágónì aláwọ̀ wúrà, ó pè é ní ayaba. Aya ọba ni ayaba; ẹ̀dá yìí kò sì ní ọba lórí. Ọbabìnrin ni. Obìnrin tí í gùn ún kì í sì í ṣe ìyàwó Balógun lásán, Ìyálóde ni, ó ní oyè tirẹ̀, kódà òun àti ẹranko rẹ̀ ni ó fi Balógun jẹ.

Àwọn tí í kọrin ìtàn, tí í kọ́ ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́, tí í ru ìròyìn láti ìlú dé ìlú, ó pè wọ́n ní onídùùrù. Òótọ́ ni pé dùùrù wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n a kì í fi igi ọwọ́ ẹni sọ ẹni lórúkọ nígbà tí Arọ́kin wà lédè.

Ibi tí mo ti bínú díẹ̀ ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná, irú èyí tí Lessa, tí yóò di Ìyálóde lẹ́yìnwá ọ̀la, fi ara pamọ́ sí láàárín wọn. Ó kọ́kọ́ kọ ẹrú, ó pa á rẹ́, ó kọ ìwẹ̀fà. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tí ó ń ṣe fún àwọn ọkùnrin inú wọn! Ìwọ̀fà ni ó ní lọ́kàn, ẹni tí í fi iṣẹ́ ọwọ́ sin owó tí a yá. Ìwẹ̀fà, ẹ̀yà ara rẹ̀ kan ni a ti gé kí ó tó wọ ààfin. Èyí tí ó ní lọ́kàn náà kò tilẹ̀ tọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n.

Òjò ti ń dá nígbà tí ó bi mí léèrè ohun tí ó kù. Bí agun-dírágónì bá kú, dírágónì rẹ̀ a fò wọ inú òtútù láìpadà mọ́. Mo ní kí ó kọ abọ́bakú, kí ó ronú kan Olókùn-ẹṣin Ọ̀yọ́ tí í bá ọba kú láyé àtijọ́. “Bí ó bá wá jẹ́ dírágónì ni ó kú ńkọ́, Bàbá, tí ènìyàn sì ṣẹ́kù?” Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó wí fún un pé opó ni, nítorí ọ̀rọ̀ náà gba ọkùnrin, ó gba obìnrin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, ó ní òun ti parí. Mo wo ohun tí ó kọ, mo sì pa àmì tí ó wà lórí o àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí òpó ilé ni ó kọ.