Ẹ Jẹ́ Kí Àbọ́yadé Sọ Tirẹ̀

Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Kò sí àgbàlagbà tí wọ́n ń túmọ̀ òwe yìí fún, pàápàá ní Ẹdẹ, ìlú Tìmì, níbi tí orúkọ Ṣàngó àti Ọya kò ṣàjèjì sí etí ọmọdé. Ìyọnu tó dé bá ẹnì kan kò mọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Àmọ́ láìpẹ́ yìí, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nínú ìlú náà, ìtùnú kọ́ ni wọ́n fi òwe ọ̀hún ṣe.

Akápò ẹgbẹ́ ló dìde. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún dáadáa, kò sì tíì pé ogójì. Àǹkárá ló ń tà, ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ kọlù sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kì í rí oorun sùn mọ́, pé bí òun bá ti ta jí lóru, ó di kí ilẹ̀ mọ́. Ó ní àyà òun ń já láìnídìí, àti pé ọjà tí òun fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ti sú òun. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba ìwé owó lọ́wọ́ òun fún ìgbà díẹ̀. Kò tíì jókòó tí ìyá kan fi pa òwe Àbọ́yadé fún un, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ta ló ń rí oorun sùn nínú ọ̀wọ́n tó gbòde yìí. Òmíràn ní kó lọ gbààwẹ̀. Obìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ìwé owó padà sínú báàgì. Nígbà tó yá, ìwé owó dàrú. Àwọn kan ti ń pè é lólè kí wọ́n tó rí i pé kò jí kọ́bọ̀, pé ńṣe ló ń gba owó láìrántí kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Ohun tó bani nínú jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó rẹ́rìn-ín kò purọ́. Òótọ́ ni pé àwọn náà kì í sùn. Ilé kún fún obìnrin tí àìsàn kan náà ń yọ lẹ́nu, wọ́n sì fi pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ ṣe ẹ̀rí pé kì í ṣe àìsàn. Bí ibà bá mú gbogbo àdúgbò, ṣé a óò ní kí oníkálukú máa bá ibà rẹ̀ lọ?

Àárín ọgbọ̀n ọdún sí ogójì ni ẹrù ilé, ẹrù ọjà àti ẹrù àna ń pàdé lórí obìnrin. Owó ilé ìwé kì í dúró de ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà. Òbí ń darúgbó, òbí ọkọ náà ń darúgbó. Ẹni tó ti bímọ, wọ́n ń bi í léèrè òmíràn. Ẹni tí kò tíì bí, wọ́n ń wo ikùn rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí kò tíì lọ́kọ, gbogbo òde ìnáwó ni wọ́n ti ń bi í pé ìgbà wo làwọn máa jẹ ìrẹsì. Ẹni tó sì yá owó sogúndogójì kó ọjà kò ní í jẹun kó dà bí oúnjẹ lọ́jọ́ tí olówó ń bọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fi nǹkan bí ìdá 50 nínú 100 wọ́pọ̀ lára obìnrin ju lára ọkùnrin lọ, àti pé ó ń mú ju ẹnì kan lọ nínú obìnrin mẹ́wàá tó lóyún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kì í ṣe orúkọ yẹn ni wọ́n ń gbé dé ilé ìwòsàn o. Wọn á ní orí ń fọ́ àwọn, àyà ń já, gbogbo ara ń ro àwọn, ayé sú àwọn. Oògùn ibà ni wọ́n sì ń gbà relé.

Ìlú Harare ní Zimbabwe ni wọ́n ti fi hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ yìí ní ìtọ́jú, pé ìtọ́jú náà kò sì nílò ọ̀kẹ́ àìmọye dókítà. Dókítà ọpọlọ ni Dixon Chibanda. Obìnrin ọmọ ọdún 26 kan tó ń tọ́jú pa ara rẹ̀. Ìyá obìnrin náà ṣàlàyé fún un pé àwọn ìbá ti gbé e wá sí ọsibítù, ṣùgbọ́n àwọn kò ní dọ́là 15 tí àwọn máa fi wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn Chibanda. Nígbà tó di 2006, ó fẹ́ gbé ìtọ́jú sún mọ́ àwọn èèyàn, àmọ́ kò sí owó, kò sí yàrá, kò sí nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ìyá àgbà 14 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìlera ládùúgbò Mbare nìkan ni wọ́n rí fún un. Àwọn ló kọ́ níṣẹ́. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì onígi kalẹ̀ sí ìta ilé ìwòsàn, lábẹ́ igi. Chibanda fẹ́ pè é ní bẹ́ǹṣì ìlera ọpọlọ, àwọn ìyá náà ní ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sórí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Friendship Bench, bẹ́ǹṣì ọ̀rẹ́. Àgbà ló mọ ohun tí ojú ń tì èèyàn láti ṣe ní gbangba.

Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ tiwọn fún àìsàn náà, kufungisisa, ìyẹn àròjù. Obìnrin tó bá wá á jókòó ti ìyá àgbà, á sì tú gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ó jẹ gbèsè, ọkọ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, òun fúnra rẹ̀ kì í sùn. Ìyá àgbà kò ní sọ pé, “Fi í sílẹ̀,” kò sì ní sọ pé, “Fara dà á.” Ó máa ní kí obìnrin náà mú ẹyọ kan nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ dojú kọ. Bó bá mú gbèsè, wọ́n á jọ wò ó: ta ni olówó, èló ni, kí ló ṣeé ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí? Bóyá kó lọ bá olówó fúnra rẹ̀ kó tó wá bá a, kó bẹ̀ ẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á padà wá sọ bó ṣe lọ. Bí kò bá yọrí sí rere, wọ́n á gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á pè é sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ti gba ìtọ́jú náà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá tí wọ́n tún lò hun báàgì tà.

Wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2016 nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn 24 ni wọ́n lò. Èèyàn 573 ló kópa, obìnrin sì ni 495 nínú wọn. Ìdajì kò ju ọmọ ọdún 33 lọ. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ akápò wa gan-an nìyẹn! Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú àwọn tó gba ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìdá 49.9 nínú 100 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣì wà lára wọn. Nínú àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ìdá 13.7 péré ni. Ní Pakistan, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera obìnrin ti ń bá ìyá ọlọ́mọ tuntun sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé, èsì tó jáde ní 2008 jọ ọ́: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 23 lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ìdá 53 lọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní tẹ́rápì nìyẹn. Kò sí awo nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní ń ṣe é, ó ní àkókò, ó ní ètò, ohun tí wọ́n bá sì sọ níbẹ̀ kò ní pàdé ẹni lọ́jà. Ọ̀rẹ́ dára, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni ọ̀rẹ́ fi ń dáhùn. Sọ fún un pé o kò sùn, á ní òun kò sùn láti ìjẹta. Sọ fún un pé ọkọ rẹ ń pariwo, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkọ tiẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa túká, ìwọ lo ti ń tù ú nínú. Ìyá orí bẹ́ǹṣì kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Tìrẹ ló tìtorí rẹ̀ jókòó.

Ibí yìí gan-an ni òwe Àbọ́yadé ti kù díẹ̀ káàtó. Òótọ́ ni pé nǹkan kan náà lè máa ṣe gbogbo ọlọ́ya, ṣùgbọ́n kò bá wọn dọ́gba. Ẹnì kan kì í sùn nítorí gbèsè. Bó bá san án tán, oorun á padà. Ẹnì kejì ti san gbèsè tán, kò sì rí oorun síbẹ̀, torí oyún tó bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kó sunkún lé lórí. Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ nìkan kò ní tó fún, tí wọ́n nílò oògùn dókítà. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ òwe kan kò tíì gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Àmọ́ ká má tan ara wa, àwọn ìyá Mbare tó ń wo ọlọ́ya sàn, ọlọ́ya ni àwọn náà. Àwọn pẹ̀lú ti ṣọ̀fọ̀, wọ́n ti rí àìlówó. Ìyá tó pa òwe níbi ìpàdé yẹn ìbá lè ṣe iṣẹ́ wọn, bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn òwe ó béèrè pé, “Tìrẹ ńkọ́, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?”

Ilẹ̀ Yorùbá kọ́ ló yẹ kó máa kọ́ èyí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù ọpọlọ Àró. Kò gbà pé inú ọgbà nìkan ló yẹ kí aláìsàn ọpọlọ máa gbé. Ìbátan aláìsàn, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, á bá a wá, wọ́n á gba ilé lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ìbátan á máa se oúnjẹ, aláìsàn á máa lọ gba ìtọ́jú, á sì máa bá àwọn ará abúlé ṣe. Gbogbo ayé wá wò ó, Lambo sì di igbá kejì ọ̀gá àgbà WHO. Nílé, èébú ni a sọ Àró dà. Ọ̀rọ̀ “Àró ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ” yẹn ti lé obìnrin tó pọ̀ sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà dókítà, ó sì yẹ kó tì wá lójú. Òfin pàápàá pẹ́ kó tó yí padà. Òfin ọdún 1958, tí wọ́n fi ń pe aláìsàn ní wèrè, ló wà nílẹ̀ títí òfin ìlera ọpọlọ tuntun fi dé ní oṣù kìíní 2023.

Àwọn kan á ní àdúrà ńkọ́. Kí wọ́n máa gbà á. Kò sí ohun tó ní kí alásàlátù tó ń rí dókítà pa ìrun rẹ̀ tì, tàbí kí ọmọ ìjọ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Inú ìjókòó alásàlátù àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá gan-an ni irú bẹ́ǹṣì Harare ti lè bẹ̀rẹ̀ ní Ẹdẹ, ìlú tí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ti jọ ń gbé inú agboolé kan. Yunifásítì Redeemer's àti Adeleke wà níbẹ̀, Pólì ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀. Ìlú tó ní olùkọ́ tó báyìí kò ṣaláìní ẹni tó lè kọ́ ìyá mẹ́wàá bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tó kù ni kí àwọn alákòóso ìlera ìbílẹ̀ fún wọn ní ibi ìjókòó, kí wọ́n sì máa san nǹkan fún wọn.

Kí ìyẹn tó dé, obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọn, kó sì ní kí wọ́n kọ ìwé fún òun lọ sí ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn OAU ní Ilé-Ifẹ̀. Kó má sọ fún nọ́ọ̀sì pé orí ló ń fọ́ òun nìkan. Kó sọ iye ọ̀sẹ̀ tí kò ti rí oorun sùn, kó sọ ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́, kó sì sọ bí èrò ikú bá ti wá sí i lọ́kàn rí. Bí ẹni àkọ́kọ́ tó bá kò bá gbọ́ ọ, kó béèrè ẹlòmíràn. Bó bá sì jẹ́ pé èrò ikú ló wà níbẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ni kó lọ, kí ẹnì kan nínú ẹbí sì bá a lọ, kó bá a mú owó ọkọ̀ dání, kó sì dúró tì í títí dókítà yóò fi rí i.