Fífi ptx Ṣe Atọ́ka Ìwé Ìtàn Ìlú

Atọ́ka ló ń jẹ́ kí ìwé ìtàn ìlú wúlò. Ẹni tó fẹ́ mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ Ṣakí kò ní ráyè ka ìwé náà tán. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn nítòsí Ìṣẹ́yìn, ọwọ́ ló fi to ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ tó jáde ní 1843. Lónìí, ptx, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó sábà máa ń bá Linux wá, ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́.

Fáìlì .txt lásán ló ń kà. Akọ̀wé á kọ àwọn orúkọ tó ń wá sínú oruko.txt, ọ̀kan lórí ìlà kan. Á kó àlàfo, kọ́mà àti àmì ìdánudúró sínú ipin.txt, kí ptx lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ pin sí. Bí itan.txt bá jẹ́ ìwé ìtàn náà, ó wá kan àṣẹ:

ptx -A -b ipin.txt -o oruko.txt itan.txt

-A ló ń kọ orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà síwájú. Orúkọ tí à ń wá á bọ́ sí àárín, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fo ipin.txt. Báìtì kan ni ptx ń kà sí lẹ́tà kan, báìtì mẹ́ta sì ni ẹ, ọ tàbí ṣ. Láìsí fáìlì yìí, wẹ́wẹ́ ló máa gé Ìṣẹ́yìn.

Àmì ohùn gan-an ló le jù. Lẹ́tà ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀. Ẹnìkan á tẹ ẹ, á fi àmì lé e lórí. Ẹlòmíràn á tẹ é, á fi àmì sí i lábẹ́. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ptx, Ìṣẹ́yìn ti di méjì, ọ̀kan á sì sọnù nínú atọ́ka láìsí ìkìlọ̀ kankan. Irinṣẹ́ mìíràn, uconv, ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan, àti itan.txt àti oruko.txt ló sì yẹ kó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kí ptx tó kà wọ́n. Bí itan0.txt bá jẹ́ ìwé náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àṣẹ rẹ̀ nìyí:

uconv -x any-nfc itan0.txt > itan.txt

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ptx kò mọ ètò ábídí Yorùbá. Yorùbá á ṣáájú Ìgbòho, Ṣakí á sì gbẹ̀yìn àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá fi ìlà kan kún ìtàn náà, gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ti yẹ̀ nìyẹn. Kí akọ̀wé parí àtúnṣe ìwé ná, kó tó pe ptx, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tún ìtò ábídí náà ṣe kó tó gbé e fún atẹ̀wé.