Ìdíje Pókà Ọ̀fẹ́: Kí Ọ̀dọ́ Má Kánjú

Annette Obrestad, ọmọ ilẹ̀ Norway, kò tíì pé ọmọ ọdún 19 nígbà tó borí ìdíje World Series of Poker Europe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2007, tó sì gba mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ìdíje ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló fi bẹ̀rẹ̀, lọ́mọ ọdún 15. (Àgbà kò fọwọ́ sí ti ọjọ́ orí yẹn o.)

Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti san kọ́bọ̀ wọlé, ọwọ́ a máa yá. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń da gbogbo owó eré wọn sílẹ̀. Kí ọ̀dọ́ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa para wọn, kí òun sì dúró de káàdì tó dára. Éèsì méjì, tí kò sí káàdì ìbẹ̀rẹ̀ tó jù ú lọ, a máa borí alátakò kan ní bí ìgbà 85 nínú 100. Tí alátakò bá di márùn-ún, kò pé ìgbà 50 mọ́. Ẹni tó bá rí i, kó fi owó ńlá lé èrò dànù.

Ìtànjẹ, ìyẹn ṣíṣe bíi pé káàdì ẹni dára nígbà tí kò dára, ńkọ́? Ẹni tí kì í ju káàdì nù kò ṣe é tàn.

Àmọ́ owó dandan tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ṣáájú pínpín káàdì kì í yé lékún. Bí ohun tó kù lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kò bá tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, kó dà á sílẹ̀ pátápátá tàbí kó ju káàdì nù. Nígbà tó bá sì ku èèyàn díẹ̀ kí ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù a máa ba àwọn tí owó wọn kéré. Ìgbà yẹn gan-an ni ìtànjẹ ń jẹ́.