Olú Gbígbìn Lórí Iyẹ̀ Pákó: Ohun Tí Àgbẹ̀ Gbọ́dọ̀ Ṣọ́ra Fún

Ní àwọn ilé ìlagi wa, irú èyí tí ó wà ní ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn, òkìtì iyẹ̀ pákó tí ayùn tú dà sílẹ̀ ni a máa ń bá. Ohun tí àwọn mìíràn ń dáná sun yìí lè di oúnjẹ àti owó fún àgbẹ̀. Olú kan wà tí ó máa ń hù lára igi jíjẹrà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pleurotus, tí ó sì ń ṣe dáradára lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ohun tí olú hù lé lórí ni ó ń jẹ. Bí a bá sì jẹ olú, a ti jẹ nínú ohun náà.

Yíyan iyẹ̀ pákó

Iyẹ̀ igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là, bí arère, ni ó dára. Ẹ má ṣe lo iyẹ̀ pákó tí a ti kùn ní ọ̀dà, tàbí èyí tí a fi oògùn ikán sí, tàbí èyí tí ó wà nítòsí ibi tí a ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀. Olú a máa fa òjé àti cadmium mọ́ra. Iná a máa pa kòkòrò àìfojúrí, ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ se olú náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, òjé kò ní kúrò nínú rẹ̀. Òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Bí a ṣe ń gbìn ín

1. Ẹ po iyẹ̀ pákó mọ́ èérí àgbàdo díẹ̀ àti omi. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kí omi kán díẹ̀, kí ó má ṣàn.

2. Ẹ dì í sínú àpò ọ̀rá, kí ẹ fi ooru omi sè é nínú àgbá fún wákàtí 3 sí 4.

3. Bí ó bá tutù tán, ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́, kí ẹ fi irúgbìn olú tí ó dára sí i.

4. Ẹ gbé e sí yàrá tí ó ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 5, títí inú àpò yóò fi funfun. Èyí tí ó bá ní àwọ̀ ewé ti bàjẹ́. Ẹ gbé e jìnnà sí àwọn tí ó kù.

5. Ẹ ya àpò náà, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kàn án, kí ẹ sì máa wọ́n omi mímọ́ sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Kíkórè àti jíjẹ

Ẹ kórè kí etí olú tó ká sókè. Bí olú mìíràn bá hù lára àpò, tí kì í ṣe èyí tí ẹ gbìn, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ se olú jinná dáradára kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹni tí ó ra olú lọ́jà kò lè fi ojú rí òjé inú rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè dáàbò bò ó, nípa bíbéèrè ní ilé ìlagi kí ẹ tó di ẹrù: “Kí ni ẹ fi sí igi yìí?” Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè dáhùn, ẹ fi iyẹ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀.