Kí Ẹ Tó Fi Agbára Kún Ọkọ̀, Ẹ Wo Ohun Tó Ń Dá A Dúró

Ọ̀dọ́ tó bá ra Golf GTI, BMW tàbí Benz C300 tókúnbọ̀ lóde òní, sáléńsà ni owó rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bá lọ. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ máa bú ramúramù kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ wíìlì fífẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè sùn mọ́lẹ̀, wọ́n á sì pe ẹni tó ń fi laptop tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kọ kí agbára lè lé sí i. Búréèkì ńkọ́? Táyà ńkọ́? Owó ti tán.

Ibi tí mo ti fẹ́ kìlọ̀ nìyẹn: a ti fi èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn ṣíwájú. N kò bá ẹnikẹ́ni jà torí pé ó fẹ́ràn ọkọ̀ tó ń sáré. Èmi náà máa ń yíjú wò ó bí irú rẹ̀ bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú, tó ń tún ọkọ̀ eré ìje ṣe, kì í ti ibi agbára bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń di ọkọ̀ mú lójú ọ̀nà àti ohun tó ń dá a dúró ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ ní 100 km/h, tí í ṣe òpin eré tí àjọ FRSC fún ọkọ̀ aládàáni ní òpópónà márosẹ̀, ń gba nǹkan bíi mítà 28 kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí kòtò ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí ọkàn tó gbà pé kòtò ni, kí ẹsẹ̀ tó dé orí búréèkì, ilẹ̀ púpọ̀ ti lọ. Tí ẹ bá wá sọ eré yẹn di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí búréèkì máa ṣe kí ọkọ̀ tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni páàdì olówó pọ́ọ́kú ti rọ́pò èyí tí ilé-iṣẹ́ fi sí i. Ọ́ìlì búréèkì inú rẹ̀, ta ló rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn? Ọ́ìlì yẹn máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, tí búréèkì sì gbóná gan-an, á hó, ẹsẹ̀ yín á kàn rì wọlẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ. Ọdún méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó sáléńsà.

Ọ̀rọ̀ táyà gan-an ló ń dùn mí jù. Gbogbo agbára tí ẹ bá fi kún ọkọ̀, inú táyà mẹ́rin ni yóò gbà dé ilẹ̀, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan sì fi kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó bá ti mọ èyí, táyà tókúnbọ̀ á máa kọ ọ́ lóminú. Ẹnì kan ló ti bọ́ táyà yẹn sílẹ̀ ní Yúróòpù, kì í sì í ṣe pé ó bọ́ ọ torí ó ṣì dára. Ní Britain, òfin ní kí ìlà ojú táyà ọkọ̀ má dín sí mìlímítà 1.6, ọ̀pọ̀ èyí tó ti ń sún mọ́ ọn, tàbí tó ti gbó, ló ń bá kọ̀ntéénà rìn wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó bá dé, wọ́n á fi nǹkan dúdú pa á lára kó máa dán. Àwọn kan kò tiẹ̀ ní ìtìjú, irin gbígbóná ni wọ́n fi ń la ìlà tuntun sójú táyà tó ti pá.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wá lẹ́tà DOT. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà náà wà, tí fọganáísà bá sì ti gbé ẹ̀gbẹ́ yẹn sínú, ẹ ní kó yí i padà kí ẹ rí i. Táyà tó bá ti lé lọ́dún mẹ́fà, ẹ fura sí i. Èyí tó ti pé mẹ́wàá, ẹ má tiẹ̀ dúró ná an, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jọ tuntun tó, nítorí rọ́bà máa ń gbẹ láti inú. Lẹ́tà kan tún wà lẹ́yìn àwọn nọ́ńbà ìwọ̀n: T kò gbọ́dọ̀ kọjá 190 km/h, H kò gbọ́dọ̀ kọjá 210, V 240, W 270. Mo mọ àwọn tó sanwó gidi kí ọkọ̀ wọn lè kọjá 220, tí táyà T sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà ńkọ́? Ìwọ̀n tó yẹ wà lára ìlẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin tó lè gbà, kì í ṣe èyí tí ẹ máa lò. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná, kí ẹ sì ra gééjì tiyín, nítorí èyí tó wà lọ́wọ́ fọganáísà ti lè ṣubú lulẹ̀ láìmọye ìgbà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀, á máa gbóná, oòrùn ọ̀sán á sì bá a ṣe é títí tí yóò fi bẹ́. Àwọn èèyàn á ní ayé ló ṣe é.

Ti sípíríǹgì gígé kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ má ṣe é. Sípíríǹgì tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé lè yọ kúrò nínú ìjókòó rẹ̀ nígbà tí wíìlì bá já sínú kòtò, ṣọ́ọ̀kù á sì máa gbá mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, kó ra sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣe fún ara wọn, kó sì ṣe tán láti máa bẹ gbogbo kòtò àdúgbò. Táyà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọ wíìlì ńlá kò ní ẹran tó lè gba kòtò mọ́ra. Wíìlì lè sán, ẹ̀gbẹ́ táyà sì lè yọ kókó. Tí ẹ bá ti rí kókó yẹn, táyà ti kú nìyẹn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í sọ fún oníbàárà: airbag Takata. Takata, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan, ló ṣe airbag fún Honda, Toyota, BMW àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Kẹ́míkà tó ń mú àpò náà wú máa ń bàjẹ́ tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, irin tó bò ó lè fọ́ wẹ́wẹ́, kó sì fọ́n sí awakọ̀ lójú àti lọ́rùn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú airbag yìí ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan, Takata sì wọ gbèsè tí kò lè san lọ́dún 2017. Honda Accord ọdún 2003, èyí tí a sọ ní End of Discussion, wà lára àwọn ọkọ̀ tọ́rọ̀ kàn. Ooru àti ọ̀rinrin! Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni méjèèjì ti pọ̀ tó Èkó?

Tí ọkọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ ka nọ́ńbà VIN rẹ̀, èyí tó ní àmì 17, lábẹ́ gíláàsì iwájú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú ọ̀nà Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, á sọ bóyá ó ṣì ku àtúnṣe tí wọn kò ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ronú àtipààrọ̀ sítíárìn. Sítíárìn eré ìje tí ẹ rí lórí fóònù yẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní airbag rárá. Èyí tó sì ní, tí ẹ rà ní ọjà Ládípọ̀, inú ọkọ̀ wo ni wọ́n ti yọ ọ́, ìjàǹbá wo ló sì ti là kọjá?

Ó kan epo. Fáìlì tí ọ̀pọ̀ àwọn atúnkọ̀ǹpútà-ẹ́ńjìnnì ń lò, Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí nọ́ńbà octane bẹntiróòlù ti jẹ́ 95, tàbí 98 fún ọkọ̀ alágbára. Ní Nàìjíríà, 91 ni ìlànà ní kó má dín sí. Ohun tí nọ́ńbà yìí ń sọ ni bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ inú ẹ́ńjìnnì tó kí ó tó gbiná fúnra rẹ̀. Tí túbò bá ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, tí epo kò sì lè fara dà á, á gbiná kó tó kan àkókò rẹ̀. Ariwo kọ̀-kọ̀-kọ̀ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, písítìnnì ló ń jẹ ìyà, ó sì lè fọ́. Ká má sì gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ wọ ìlú, tí ọkọ̀ àwọn tí kò tún ohunkóhun ṣe pàápàá ń kú sójú ọ̀nà. Lójú tèmi, ọkọ̀ túbò nílẹ̀ yìí, bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é ni kó wà. Ẹni tí kò bá gbà, kó sọ fún atúnṣe pé 91 ni òun ń rà, kí ẹni náà sì kọ fáìlì tó bá a mu. Tí ẹni náà kò bá tiẹ̀ bi yín léèrè irú epo tí ẹ ń lò, ẹ wakọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Kátálíìsì, èyí tó ń sẹ́ èéfín ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń gé sọnù kí sáléńsà lè pariwo, platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yípo ọgbà mẹkáníìkì láti rà á. Ẹ ti gé e tán kí ẹ tó mọ iye tó jẹ́, iná ẹ́ńjìnnì á sì máa wò yín lójú láti ọjọ́ náà lọ. Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwé: tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí àwọ̀ ọkọ̀, ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú. Gíláàsì dúdú gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Òfin rẹ̀ ti wà láti ọdún 1991.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Peckham, Manchester àti gbogbo Britain, tiyín le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ẹ bá yí padà lára ọkọ̀, wíìlì, sípíríǹgì, fáìlì kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Tí ẹ bá fi pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ ìjàǹbá, wọ́n sì lè fagi lé ìwé adójútòfò yín. Ẹni tí ọlọ́pàá bá mú pé kò ní adójútòfò, £300 àti pọ́íǹtì mẹ́fà ló máa gbà, wọ́n sì lè gba ọkọ̀ náà. Pọ́íǹtì mẹ́fà yìí nìkan tó láti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó yege ìdánwò. Ọkọ̀ tí wọ́n sì gé kátálíìsì rẹ̀, tó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló fi í sí i, kò ní yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n máa ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ọkọ̀ tí ọmọ yín ń wà lójoojúmọ́, ẹ má fi orúkọ ara yín ṣe awakọ̀ àgbà kí owó adójútòfò lè dín kù. Mo mọ̀ pé àánú ọmọ ló ń ṣe yín. Jìbìtì ni òfin ibẹ̀ kà á sí.

Àwọn kan ti wá gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ní owó tí àwọn ì bá fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kẹ̀kẹ́ gravel ni àwọn máa fi rà. Inú mi dùn sí i. Kẹ̀kẹ́ yìí ni ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ tẹ̀ bíi ti eré ìje, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó láti gba ọ̀nà eruku àti òkúta. Eré ìje rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, Unbound Gravel, ní ìlú Emporia ní Kansas ni wọ́n ti ń ṣe é, máìlì 200, òkúta ibẹ̀ sì mú débi pé táyà ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn já kúrò. Níbí náà, táyà ló ṣíwájú. Kí ẹ tó bèèrè bóyá férémù jẹ́ carbon, ẹ bèèrè bí táyà tó lè wọ inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Fún ọ̀nà ilẹ̀ pupa tiwa, mìlímítà 45 ni kí àyè rẹ̀ gbà, ó kéré tán. Ẹ mú èyí tó bá gígùn ara yín mu. Kẹ̀kẹ́ tó tóbi jù fún yín kò ní tún ara rẹ̀ ṣe.

Búréèkì dísìkì onírin, èyí tí okùn wáyà ń fà, ni mo máa bá ẹni tó ń gbé ìlú kékeré mú ju ti ọ́ìlì lọ, nítorí atúnkẹ̀kẹ́ èyíkéyìí á lè tún un ṣe. Táyà tí kò ní túùbù dára, ṣùgbọ́n oje tó ń dí ihò nínú rẹ̀ tètè máa ń gbẹ nínú ooru, torí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì máa gbé túùbù kan dání. Férémù carbon tókúnbọ̀, ẹ sá fún un, nítorí ó lè ti sán lábẹ́ ọ̀dà kí ojú má rí i. Àlùmíníọ̀mù tàbí irin ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gùn ún yí àdúgbò ká, ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, kí ẹ sì di búréèkì méjèèjì mú gírígírí níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ má gùn ún, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.